Bí A Ṣe Lé Kpayo Kúrò ní Abúlé Wa, àti Ohun Tí Mi Ò Sọ

Òórùn méjì ló ń bá ara wọn gbé ní agbo ilé wa láwọn ọdún tí mò ń sọ yìí. Lápá ọ̀dọ̀ mi, epo pupa ló ń hó lórí ààrò. Lápá kejì, ẹsáǹsì ni, ìyẹn epo mọ́tò tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà gba ọ̀nà inú igbó kí àwọn dúánì, àwọn aṣọ́bodè, má baà rí i, tí tọmọdé tàgbà wa ń pè ní kpayo. Ògiri kan ṣoṣo ló pín wa níyà. Èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ń gbé lápá kejì ni ìyàwó àbúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé èwo ni mo fẹ́ràn nínú òórùn méjèèjì, màá dáhùn kíákíá pé epo pupa ni, irọ́ ni màá sì pa. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, màá fa òórùn ẹsáǹsì símú.

Abúlé wa wà láàárín Igana àti Issaba, ní òdìkejì bọ́dà sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti Pobè ń bọ̀, ẹ̀yìn ọ̀kadà tí àwa ń pè ní zẹ̀mí ló máa gùn dé ọ̀dọ̀ wa, lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tí kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ ní funfun. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ la gbójú lé. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, àáró ni gbogbo abúlé fi ń ṣiṣẹ́: lónìí a ó lọ sóko tèmi, lọ́la a ó lọ sóko tìrẹ. Àwọn ọkùnrin á kọ ẹyìn lórí ọ̀pẹ, àwa obìnrin á rù ú lọ sí ẹkù, ibi tí a ti ń po epo. A ó sè é, a ó tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò onísìmẹ́ńtì, a ó máa kọrin, a ó sì máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò wá. Obìnrin àgbàlagbà kan ni olórí wa níbẹ̀, ìyá ẹkù là ń pè é. Kò sí bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì tí a ń da epo sí, tí òun ò ní kọ́kọ́ fi imú sí lẹ́nu. Ohun tó fà á ni pé irú bídọ̀n yẹ́lò kan náà tí a fi ń gbé epo pupa ni wọ́n fi ń gbé kpayo, bídọ̀n tó bá sì ti gbé ẹsáǹsì rí, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Epo pupa tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi ni akọpẹ tó mọṣẹ́ jù lábúlé. Bó bá wà lórí ọ̀pẹ, ìsàlẹ̀ ni àwọn yòókù á dúró sí, wọ́n á máa wò ó. Ó lọ fẹ́ ọmọ ìdílé Mùsùlùmí oníṣòwò kan ní Sakété. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wálé, èmi ni mo bomi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ni mò ń pè é, òun ń pè mí ní ìyálé mi, a sì jọ ń lọ sí ẹkù lówùúrọ̀ bí ọmọ ìyá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé tábìlì kan síwájú ilé, tó to ìgò ẹsáǹsì sórí rẹ̀.

Ìgò di bídọ̀n, bídọ̀n di dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé e wá láti bọ́dà ń ya sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn zẹ̀mí Pobè náà ń wá rà á. Kò gun ọ̀pẹ mọ́. Láàárín ọdún kan, kọ́tìnì aláwọ̀ ewéko wà lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó, télé, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n, wà nínú yàrá, àga onítìmùtìmù wà ní pálọ̀. Ìyá ọkọ wa, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tèmi ló ti máa ń jókòó sí láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi, gbé àga rẹ̀, ó sọdá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí tíì onímílíìkì. Mo rí i nígbà tó ń gbé àga náà lọ. Mo bá a gbé e dé ìdajì ọ̀nà, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo jowú. Mi ò fẹ́ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí màá fi bò ó. Mo jowú kọ́tìnì, mo jowú télé, mo jowú gìgísẹ̀ rẹ̀ tí kò là mọ́ nígbà tí tèmi là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tó tún wá le jù ni pé kò ṣe ìgbéraga rárá. Bó bá ti Sakété dé, àwọn ọmọ mi ló máa kọ́kọ́ bu búrẹ́dì fún kó tó kan tirẹ̀. Ó ṣì ń wá sí ẹkù, ó ṣì ń ká ìró sókè, ó ń bá wa tẹ ẹyìn. Màá sọ nínú ara mi pé ṣekárími ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé ó gbéraga ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú, ǹ bá lè bá a jà kí n sì sinmi.

Mo lọ bá ọkọ mi, mo ní kí àwa náà ta kpayo. Àgbẹ̀ ni ọkọ mi, ẹni tí kì í yára ṣe ohunkóhun. Ó ń pọ́n àdá lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwọ obìnrin yìí, iná lo fẹ́ kí n máa sùn tì?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo yàn án lódì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: ká ní ó gbà ni, èmi gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé tábìlì síta. Ìgbà tí kpayo ò di tèmi ni ojú mi wá là, tí mo rí i pé kò dára.

Kò sì dára lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ kó máa kọ ẹyìn ti lọ ń gbé bídọ̀n gba inú igbó. Ìdì ẹyìn ń pọ́n lórí ọ̀pẹ, ó ń já sílẹ̀, ó ń jẹrà, àwa obìnrin ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Àáró tí èèyàn ogún ń ṣe tẹ́lẹ̀ di ti èèyàn mẹ́fà. Ní abúlé kan lápá Issaba, ilé kan jóná tòun ti ẹrù inú rẹ̀ nítorí ẹnì kan tan fìtílà nítòsí dúrọ́ọ̀mù. Ìyá ẹkù ń sọ ọ́ nígbà gbogbo pé kpayo gbọ́dọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ta ló máa lé e? Àwọn oníkpayo mẹ́ta tó wà lábúlé, ọmọ wa ni wọ́n. Délégé, tó jẹ́ olórí abúlé, ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ló ti ń rọ epo sí ọ̀kadà tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń pariwo ní ẹkù lójoojúmọ́ pé ká lé e, ká lé e. Àwọn obìnrin rò pé ìfẹ́ abúlé ló ń gùn mí. Ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń já ẹyìn kúrò lára ìdì.

Bídọ̀n ló wá yí gbogbo rẹ̀ padà.

Lọ́dún náà, ẹyìn oko wa so dáadáa, ọkọ mi sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tó po. Mo pinnu pé epo tí màá tà lọ́dún yìí, òun ni màá fi ra kọ́tìnì tó gùn ju ti ìyàwó lọ. Bídọ̀n mi ò tó. Mo lọ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé méjì tó ti ṣá jáde láti inú yàrá.

"Ìyálé mi, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé wá láti ilé wa ní Sakété, wọn ò gbé ẹsáǹsì rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú èyí tó wà lẹ́yìn ilé o."

Mo dúpẹ́. Bí mo ṣe yíjú báyìí, mo rí bídọ̀n tuntun tó ń dán lẹ́yìn ilé, wọ́n tò wọ́n lọ rẹrẹẹrẹ. Mo ní háà, èyí tó ti gbó ló fún mi, ó fi èyí tó dáa pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tó fi kìlọ̀ fún mi, mo gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ahun. Lọ́jọ́ kejì tó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo dá bídọ̀n tó ti gbó méjèèjì padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo mú tuntun méjì lẹ́yìn ilé. Mo fi eérú fọ̀ wọ́n, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n, mo fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n. Mo fi yanrìn ha ọ̀dà búlúù tí àbúrò ọkọ mi fi ń sàmì sí wọn nídìí. Mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ wọn, nítorí òwú pupa ni àmì tèmi ní ẹkù.

Ìyá ẹkù kò sí nílé. Ará ìjọ aláṣọ funfun ni, ó ti bá àwọn ìjọ rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó lọ, ó ní kí èmi fi imú wo bídọ̀n dípò òun, nítorí èmi ni mo kórìíra kpayo jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ ba sórí bídọ̀n ara mi, mo fa imú, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mi ò purọ́ níbi tí mo dé yìí. Mo fa imú lẹ́ẹ̀mejì, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹni tó ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹsáǹsì láti ọdún mẹ́ta, tó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sídìí ògiri láti máa fà á símú, imú rẹ̀ ti kú sí i. Gbogbo obìnrin ẹkù ló mọ̀ pé ará agbo ilé oníkpayo ni mí, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó rò ó dé ibẹ̀.

Àlájà kan tó máa ń wá láti Sakété ló ń ra gbogbo epo wa. Ó kó o lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà dé, ọ̀sán gangan, ó sọ̀ nínú mọ́tò, ó gbé bídọ̀n kan sílẹ̀ láàárín ẹkù. Ó ní àwọn tó fi epo náà dín ẹja ti dá a padà, pé òórùn ẹsáǹsì ló ń bọ̀ lára ẹja. Ó ní òun ti da epo inú bídọ̀n yẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù nínú dúrọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò.

"Ẹ̀yin ìyá, mi ò wá bá yín jà. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí kpayo bá ṣì wà lábúlé yìí, ẹ má retí mi mọ́."

Ó wọ mọ́tò padà. Kò sí oníbàárà mìíràn tí a ní.

Ìyá ẹkù pè wá jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tọkùnrin tobìnrin ló wá, délégé náà wá. Bídọ̀n wà láàárín. Òwú pupa tí mo so mọ́ ọn ti já sọnù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀dà búlúù tí mo rò pé mo ti ha tán ṣì kù díẹ̀ nídìí rẹ̀.

"Ta ló ni ín?" Bí ìyá ẹkù ṣe bi wá nìyẹn. "Kò sẹ́ni tó máa nà án. Kó ṣáà sọ ọ́."

Obìnrin kan tẹ̀ ba, ó nàka sí ọ̀dà búlúù, gbogbo ojú sì yí sí ìyàwó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́, àti pé bí mo bá sọ ọ́, àwọn tó gbé imú wọn lé mi lọ́wọ́ kò ní gbà mí gbọ́ mọ́ láé. Ìyàwó wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó rìn lọ síwájú ìyá ẹkù, ó kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹyìn.

"Ìyá, tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ẹ máa rò pé ara tù mí. Kò tù mí. Àwọn obìnrin tó ti fẹ́ máa bú u ṣe pẹ̀lẹ́ fún un, ọ̀kan tilẹ̀ fà á dìde, ó gbọn ìró rẹ̀ fún un. Ìyá ọkọ wa ń sunkún. Mo dúró síbẹ̀, mo ń jowú ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìtìjú mi, ó ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì ti di ẹni iyì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá ẹkù dárí jì í. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ó ní láti ọ̀la lọ, ilé tó bá ń ta kpayo, kò sí nínú àáró mọ́. A ò ní bá a jà, a ò ní lọ pe dúánì fún un, ọmọ wa ni. Ọwọ́ wa la máa gbà kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a ro oko, kò sẹ́ni tó máa bá a kọ ẹyìn, kò sẹ́ni tó máa bá a gbé igi. Délégé wo ọ̀kadà rẹ̀, ó wo bídọ̀n tó wà nílẹ̀, ó ní òun fara mọ́ ọn. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ pẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi pàtẹ́wọ́.

Àbúrò ọkọ mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun á gba alágbàṣe. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe Igana àti ti Issaba, àwa la jọ ń ṣe àáró ní ìgbà ìkórè, kò sí ọ̀kan tó dé. Koríko bo àgbàdo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí òjò dé, atẹ́gùn ká páànù méjì lórí ilé rẹ̀, òun nìkan ló gorí àkàbà, kò sẹ́ni tó bá a di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wo àbúrò rẹ̀, kò sì lọ. Èmi ni mo dì í láṣọ mú. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò gbé tábìlì wọlé. Ó pe àwọn tó ń gbé ẹsáǹsì wá, ó ní kí wọ́n wá kó dúrọ́ọ̀mù wọn. Àwọn méjì yòókù ò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ta ọ̀kadà, ó ta télé, ó mú okùn igbà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti àjà, ó padà sórí ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gun ọ̀pẹ padà, gbogbo abúlé ló lọ bá a ro oko. Àlájà padà wá.

Mo ti rò pé ọjọ́ tí kọ́tìnì yẹn bá gbó, ọkàn mi á balẹ̀. Kọ́tìnì gbó, ó ya, ìyàwó fi í ṣe ìnulẹ̀. Tíì onímílíìkì tán. Ìyá ọkọ wa kò gbé àga rẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ mi. Ẹnu ọ̀nà ìyàwó ló jókòó sí títí ó fi papò dà.

Nígbà tí ìyá ẹkù náà lọ, èmi ni wọ́n fi jẹ ìyá ẹkù. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ń ti Pobè wá: àwọn oníròyìn rédíò, àwọn tó ń ṣètò ìpàdé fún àwọn abúlé ẹ̀bá bọ́dà. Wọ́n fẹ́ mọ bí abúlé kékeré ṣe lé kpayo kúrò láìlu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé nǹkan tí wọ́n fi ń gba ohùn síwájú mi, màá to ẹsẹ̀ jọ, màá sọ ọ́ fún wọn. Tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ bídọ̀n, mo máa ń ní "obìnrin kan". Ìyàwó á ti wà lẹ́yìn níbẹ̀, á máa dáná fún àwọn àlejò.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwa méjèèjì nìkan jókòó ní ẹkù, a ń já ẹyìn. Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo kàn gbọ́ tí mo ní, "Ìyàwó, èmi ni mo mú bídọ̀n yẹn."

Kò dáwọ́ dúró. "Ìyálé mi, mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo ti Sakété dé tí mo bá bídọ̀n tó ti gbó méjì yẹn lẹ́nu ọ̀nà mi ni mo ti mọ̀."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ? Kí ló dé tí o gbà á sọ́rùn?"

Ó ju ẹyìn sínú agbọ̀n. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn. Ó ní òun ò lè tan iná nílé ara òun, pé bí ọmọ bá ṣá ìṣáná, ọkàn òun á fò. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí, kò gbọ́. Nígbà tí abúlé ń wá ìdí tí wọ́n fi máa lé kpayo, ó rí i pé ìdí ti dé, àti pé bí òun bá dárúkọ mi, ìjà ìyàwó ilé méjì ni gbogbo rẹ̀ máa dà, kpayo á sì jókòó tì wá.

"Ẹ̀yin gan-an ni mò ń jowú nígbà náà," ó ní. "Ẹ ń dáná lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ń fẹ́ iná, ẹ ń kọrin. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ògiri, màá máa gbọ́ yín."

A já ẹyìn tí ó kù tán, a gbé agbọ̀n, a lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òun ló lé kpayo kúrò lábúlé yìí, èmi kàn jí bídọ̀n ni. Mo ti dàgbà, irun mi ti funfun, ó yẹ kí owú ti rẹ̀ mí. Àwọn ará Pobè tún ń bọ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ láti wá gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi. Lánàá, mo lọ bá a, mo ní kó wá jókòó tì mí, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ibi tó kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú èèyàn, kí n jẹ́ kí òun dáná. Mi ò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé inú mi dùn pé kò gbà, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú ara mi tì mí.